Ohun Tó Ń Jẹ Ẹ̀mí Bátìrì Ọ̀kadà Oníná, àti Ohun Tó Ń Mú Un Pẹ́

Bátìrì ọ̀kadà oníná kì í kú lójijì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ní oṣù tí wọ́n rà á, ó ń gbé ọlọ́kadà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ọdún kan, agogo mẹ́ta ọ̀sán ni yóò ti máa wá iná kiri, nígbà tó bá yá, èrò mélòó kan péré ni yóò gbé kó tó rẹ̀ ẹ́. Àwọn onímọ̀ máa ń ka bátìrì sí arúgbó nígbà tí agbára tó ń gbà sínú bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ohun tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun. Ohun méjì ló ń tì í dé ibẹ̀. Èkíní ni ọjọ́ orí, nítorí àwọn èròjà inú bátìrì ń jẹ ara wọn kódà bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ láìlò. Èkejì ni iye ìgbà tí iná ti kún un tó sì ti tán nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dá èyíkéyìí nínú méjèèjì dúró, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yára tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọlọ́kadà Mowe, Ibafo àti Ifọ gan-an. Mowe àti Ibafo wà lórí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Owódé. Ifọ jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, etí títì ni ọkọ̀ ńlá ti ń já èrò sílẹ̀, ọ̀kadà ló sì ń gbé wọn wọ àwọn àdúgbò inú lọ́hùn-ún. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan fò lọ sí nǹkan bí 500 náírà, ó sì ti kọjá 1,000 náírà kí 2024 tó parí. Láàárín àsìkò yẹn ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í polongo ọ̀kadà oníná. Ìṣirò tó ń fa ọlọ́kadà mọ́ra kò le. Bátìrì 72 volt tó jẹ́ 40 Ah ń gba nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 2.88. Ní 225 náírà fún ẹyọ kan, iye tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹrin 2024 fún àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, kò ju nǹkan bí 720 náírà lọ láti fi kún un, pẹ̀lú èyí tó ń ṣòfò nínú ṣájà.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò tíì parí. Ojoojúmọ́ ni olówó epo ń san owó tirẹ̀; olówó bátìrì ń jẹ gbèsè tirẹ̀ pa mọ́ dé ọjọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ọjọ́ tí yóò ra òmíràn. Bátìrì ló wọ́n jù lọ lára ọ̀kadà oníná. Bí ó bá lo ọdún mẹ́rin, ọ̀kadà náà ti jèrè. Bí ó bá kú lóṣù kejìdínlógún, gbogbo èrè epo tí wọ́n kà sílẹ̀ lè wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú bátìrì kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn rẹ́wáyà nìkan.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ni ọ̀kadà mọ̀ ni irú bátìrì tó wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, nítorí ìmọ̀ràn tó gba ọ̀kan là ló ń pa èkejì. Bátìrì olójé ni àgbà nínú wọn. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é ní 1859, òun náà ló sì wà nínú mọ́tò títí di òní. Nínú ọ̀kadà tó rọjú, márùn-ún tàbí mẹ́fà oní-12 volt ni wọ́n máa ń so pọ̀ kó lè di 60 tàbí 72 volt, wọ́n sì wúwo bí àpò gaàrí. Bátìrì lithium fúyẹ́ ju ìyẹn lọ. Ilé iṣẹ́ Sony ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní 1991, iṣẹ́ tó bí i ló sì mú kí John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Oríṣi lithium méjì ló wọ́pọ̀ lára ọ̀kadà: èyí tó ní nickel nínú, tí wọ́n ń pè ní NMC, àti èyí tó ní irin àti phosphate, tí wọ́n ń pè ní LFP. NMC ń gbé agbára púpọ̀ níbi tí ó kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kúrú díẹ̀. LFP tóbi, ó sì ń farada ooru àti ìlò dáadáa. Bátìrì olójé tí wọ́n ń lò gbẹ lójoojúmọ́ kì í sábà kọjá ìgbà 300 sí 500. NMC ń tó 500 dé 1,000. LFP tó dára ń kọjá 2,000.

Bátìrì olójé kì í fẹ́ ebi. Tí wọ́n bá lò ó tán tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, ohun funfun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í le mọ́ ara òjé inú rẹ̀, bí ìpẹ́ ṣe ń le mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Ibi tó bá ti le mọ́ kò ní gba iná mọ́. Nítorí náà, kí iná kún un ní gbogbo alẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Lithium yàtọ̀ pátápátá. Kò sí ohun tó ṣe é bí ó bá sun mọ́jú pẹ̀lú ààbọ̀ iná; kódà, ibẹ̀ ló ti ń sinmi jù. Ohun tó ń dà á láàmú ni kó kún dẹ́nu kó sì jókòó bẹ́ẹ̀ nínú ooru, tàbí kó gbẹ dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà gbé ìṣe bátìrì mọ́tò wọ inú lithium láìmọ̀. Àwọn mìíràn gbà pé kí bátìrì tán pátápátá kí wọ́n tó fi sí iná. Ìyẹn ti wá látinú bátìrì nickel-cadmium tí ayé ń lò sínú rédíò àti fóònù àtijọ́. Kò kan èyíkéyìí nínú àwọn tó wà lára ọ̀kadà òde òní.

Ọ̀tá bátìrì tó burú jù lọ ní agbègbè yìí ni ooru. Bí ooru bá fi dígírì mẹ́wàá lé, bí ìlọ́po méjì ni ìjẹra inú bátìrì ń yára sí. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ abẹ́ igi pàápàá máa ń tó dígírì 34 tàbí 35. Àpótí bátìrì tó wà nínú oòrùn lórí ọ̀dà títì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Kí wọ́n mú ọ̀kadà méjì tí wọ́n rà lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n jọ ń ná Mowe sí Ọ̀fàdà. Ọ̀kan ń dúró de èrò lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ òjìji ilé ìtajà, èkejì ń dúró sí gbangba oòrùn nítorí kó lè kọ́kọ́ rí èrò tó bá bọ́ọ́lẹ̀. Iye ìrìn kan náà ni wọ́n ń rìn, ṣùgbọ́n bátìrì wọn kò ní dàgbà bákan náà. Aṣọ tí kò nípọn tí wọ́n tẹ́ bo ìjókòó, agbòòrùn ńlá tí àwọn ọlọ́kadà ń so mọ́ ọ̀kadà, òjìji ògiri lásán: kò sí èyí tó náwó púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ontajà ń polówó lọ.

Ooru burú, ṣùgbọ́n fífi iná sí bátìrì tó gbóná ló burú jù. Èyí ni ibi tí ìgbésí ayé Mowe àti Ibafo ti ń ta ko ìwé ìlànà tó bá ọ̀kadà wá. Ìwé yẹn ka iná sí ohun tó wà nígbà gbogbo. Níbí, iná ló ń yan àkókò fún ènìyàn. Ọlọ́kadà ti ń sáré láti àárọ̀, bátìrì rẹ̀ ti gbóná, agogo méjì ọ̀sán ti lù. Àwọn ọmọdé hó ládùúgbò pé wọ́n ti mú iná dé. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí wọn yóò tún mú un lọ. Ó sáré wọlé, ó sì ki ṣájà bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣe yìí nìkan, tí wọ́n bá ń ṣe é lójoojúmọ́, lè jẹ apá tó pọ̀ nínú ẹ̀mí bátìrì. Lithium kì í fẹ́ gba iná nígbà tí inú rẹ̀ bá ti kọjá dígírì 45. Kò pọn dandan kí ènìyàn ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru: kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé àpótí bátìrì. Bí ọwọ́ bá lè wà níbẹ̀ pẹ́ títí láìta, ó ti tó láti fi sí iná. Bí ọwọ́ bá fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, kó sinmi lábẹ́ òjìji fún ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan. Ààbọ̀ wákàtí iná tí wọ́n pàdánù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù tí wọn yóò pàdánù lẹ́yìn ọ̀la.

Iná fúnra rẹ̀ tún ní ìwà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé, ó máa ń fò sókè sódò fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣájà tí wọ́n ti ki bọ ògiri láti àná pé kí ó máa dúró dè é ló ń gba ìpayà yẹn. Dídúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó so ṣájà mọ́ ọn ti tó. Iná tí kò lágbára náà ní ewu. Ọ̀pọ̀ ṣájà òde òní ni yóò gba iye wáàtì tó fẹ́ gbà, bó ti wù kó rí: bí iná bá já láti 230 volt sí 150, ṣájà oní-930 wáàtì tó ń fa nǹkan bí ampere mẹ́rin yóò máa fa ju mẹ́fà lọ. Wáyà ẹ̀kísténṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá kò lè gbé ìyẹn, ibi tó sì ti kọ́kọ́ máa ń yọ́ ni ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sitabiláísà tó tó ìwọ̀n ṣájà, àti wáyà tó nípọn tí kò gùn jù, ni wọ́n fi ń wo èyí sàn.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ṣájà 72 volt oní-ampere mẹ́wàá, nítorí ṣájà yẹn nìkan ń fẹ́ ju 900 wáàtì lọ. Oní-ampere márùn-ún ń fẹ́ nǹkan bí 470, jẹnẹrétọ̀ náà lè gbé ìyẹn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí fíríìjì lórí rẹ̀. Ohun kan wà tí ẹni tó bá ti lo jẹnẹ pẹ́ á mọ ìró rẹ̀: nígbà tí epo bá ń tán lọ, ẹ̀rọ náà á máa gbé ohùn sókè, á tún máa rẹ ohùn sílẹ̀, títí yóò fi dákẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn ni volt rẹ̀ ń fò pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Kí wọ́n ti yọ ṣájà kó tó dé ibẹ̀. Páànẹ́ẹ̀lì sólà dára ju jẹnẹ lọ, àmọ́ ọ̀sán gangan ló ń mú iná wá. Páànẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó wà nínú oòrùn, bátìrì gbọ́dọ̀ wà nínú òjìji.

Òru ni àkókò tó tutù, tó sì dára jù fún bátìrì láti gba iná. Òru kan náà ló léwu jù fún àwọn tó ń sùn. Ní ìlú New York, níbi tí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ oníná gbé oúnjẹ kiri pọ̀ sí, iná ti ara bátìrì lithium bẹ́ sílẹ̀ nígbà 268 ní ọdún 2023, ènìyàn 18 sì kú. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá gbiná, ó ń gbé ooru fún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa ràn án síra wọn. Èéfín rẹ̀ ní májèlé, omi púpọ̀ gan-an ló sì ń tù ú. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ ń sùn, tí bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀nà àbájáde gan-an ni iná yóò kọ́kọ́ dí. Láàárín ẹ̀mí bátìrì àti ẹ̀mí ènìyàn, kò sí ìjíròrò: kí bátìrì gba iná ní irọ̀lẹ́ lẹ́yìn tó bá ti tutù, nígbà tí ojú ṣì là, lórí sìmẹ́ńtì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní òrùlé, kó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti kẹ́ẹ̀gì epo. Ẹni tí iná kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi ní òru lè lo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ka wákàtí, tó ń pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbé e wọ yàrá.

Ní ti bí iná ṣe yẹ kó kún tó, NMC ń pẹ́ jù bí wọ́n bá ń lò ó láàárín ìdá 20 sí 80 tàbí 90. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan ń kún ní 4.2 volt, bí wọ́n bá ń dá a dúró ní 4.1, iye ìgbà tí yóò fi gba iná lè tó ìlọ́po méjì. Kì í ṣe gbogbo ọlọ́kadà ló lè fi ìdá 20 sílẹ̀ láìlò, nítorí ìdá yẹn ni owó oúnjẹ alẹ́. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí wọ́n kún un dẹ́nu ní àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní kíkún ní ọjọ́ ìsinmi. Bí wọ́n bá rí iná díẹ̀ ní ọ̀sán, tí bátìrì sì ti tutù, fífi kún un díẹ̀ kò pa á lára. Ààbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò ju kíkún ẹ̀ẹ̀kan lọ. LFP ń farada kíkún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kó kún pátápátá ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí volt rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti òkè dé nǹkan bí ìdá 20, ohun tó ń ka iná lójú ọ̀kadà sì lè ṣìnà. Ìgbà tó bá kún ni bọ́ọ̀dù kékeré inú bátìrì, tí àwọn aṣàtúnṣe ń pè ní BMS, máa ń ráyè mú gbogbo sẹ́ẹ̀lì dọ́gba. Bọ́ọ̀dù yìí náà ló ń pa ọ̀kadà nígbà tí iná bá fẹ́ gbẹ kọjá ààlà. Àwọn kan máa ń dúró díẹ̀, wọ́n á tún tan án, wọ́n á fi rin ìrìn àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, á tún kú. Sẹ́ẹ̀lì tó rẹ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ń pa bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ìyẹn bá sì kú, gbogbo bátìrì ti kú.

Ṣájà ayálò ti pa bátìrì púpọ̀. Bátìrì NMC 72 volt tó ní sẹ́ẹ̀lì 20 ń kún ní 84 volt. LFP 72 volt tó ní sẹ́ẹ̀lì 24 ń kún ní 87.6. Ṣájà méjèèjì lè jọra, kí orí wáyà wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí "72V" wà lára àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fi èkejì sí èkíní ń ti 4.38 volt wọ sẹ́ẹ̀lì tí 4.2 jẹ́ òpin rẹ̀, BMS nìkan ló sì kù láàárín òun àti ìjàmbá iná. Nọ́ńbà kékeré tó wà níbi tí wọ́n kọ "output" sí lẹ́yìn ṣájà ni kí wọ́n wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀.

Ẹrù náà ń sọ̀rọ̀. Bí agbára tí wọ́n ń fà bá di ìlọ́po méjì, ooru inú bátìrì ń di ìlọ́po mẹ́rin. Èrò méjì pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì oní-50 kílò lórí òkè oníyanrìn, táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ ti lọ, bíréèkì tó ń há: gbogbo rẹ̀ inú bátìrì ni ó ń pàdé sí. Ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kejìlá, nígbà tí èrò ń ya wọ Redemption City lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mowe fún àpéjọ ìjọ Redeemed, iṣẹ́ pọ̀ débi pé àyè kì í sí fún ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí fọganáísà kọ́kọ́ rí táyà. Ní ọ̀nà Ifọ sí Pápáláńtò, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń fọ́ ọ̀nà, gbígbọ̀n ló ń tú ẹnu wáyà. Ẹnu wáyà tó tú ń gbóná, tó bá gbóná á dúdú. Òórùn ike tó ń jó ni àmì rẹ̀.

Bátìrì tó dára máa ń ní àmì IP67, tó túmọ̀ sí pé ó lè wà lábẹ́ omi mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà tó wà ní tuntun. Kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa wọ́ ọ gba inú àgbàrá kọjá. Ilẹ̀ àkùrọ̀ pọ̀ níhà Ibafo àti Magboro; ní oṣù Kẹfà àti oṣù Kẹsàn-án, omi lè bo ìdajì táyà. Ẹni tó bá bá omi pàdé ṣe rere bó bá pa ọ̀kadà, tó tì í kọjá, tó sì nu ẹnu wáyà gbẹ kó tó fi sí iná. Omi alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀ rárá.

Ọ̀nà mìíràn wà tó mú ọ̀pọ̀ nínú àníyàn wọ̀nyí kúrò lọ́rùn ọlọ́kadà: kí bátìrì má jẹ́ tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Spiro, tó ń jẹ́ M Auto tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ èyí ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo ní 2022; àwọn ọlọ́kadà Kùtọnú, tí wọ́n ń pè ní onízémìjàn, ń gbé bátìrì tó tán wọ ibùdó, wọ́n ń gba èyí tó kún, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ti wọ Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ MAX sì ti ń gbé ọ̀kadà oníná jáde níbí. Ibùdó lè fi bátìrì sí iná nínú òjìji, pẹ̀lú ṣájà tó bá a mu, lẹ́yìn tó bá ti tutù. Ohun tó kù fún ọlọ́kadà kéré: kó má lò ó gbẹ, kó má jù ú sílẹ̀, kó nu ẹnu wáyà. Kìkì pé ibùdó gbọ́dọ̀ wà nítòsí, àwọn àdúgbò inú lọ́hùn-ún ni irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sì máa ń pẹ́ dé.

Nígbà tí bátìrì bá ṣàìsàn, aṣàtúnṣe tó ṣí i tó pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan pẹ̀lú ti kọ̀ǹpútà àlòkù kò tún un ṣe. Sẹ́ẹ̀lì tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀ kì í kún pọ̀, wọn kì í sì í gbẹ pọ̀. Èyí tó lera jù á máa ti èyí tó rẹ̀ jù ṣubú. Bátìrì tó wú, tó ń rùn, tàbí tó ti jábọ́ kíkan kò gbọ́dọ̀ gba iná mọ́. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò fún oṣù kan gbọ́dọ̀ fi lithium sílẹ̀ ní ìdajì, ní ibi tó tutù, kó sì yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ọ̀kadà. Olójé ní tirẹ̀, kíkún ni kó fi í sílẹ̀, kí ẹnìkan sì máa fi sí iná lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ibi tí bátìrì olójé ń lọ nígbà tó bá kú kò jìnnà sí Mowe. Ní Ogijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, àwọn ilé iṣẹ́ wà tó ń yọ́ òjé jáde láti inú bátìrì àlòkù, ìwádìí tó jáde ní 2025 sì fi hàn pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé ládùúgbò wọn, tọmọdé tàgbà. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar, ọmọdé 18 ló kú láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008 nítorí òjé bátìrì tí àwọn òbí wọn ń sẹ́ látinú iyẹ̀pẹ̀. Bátìrì kan tó pẹ́ ìlọ́po méjì dín ẹyọ kan kù nínú èyí tó ń lọ sí irú iná ìléru bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn mọ́, kí wọ́n tà á ní odindi, láìdà omi asíìdì inú rẹ̀ sí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń tẹ̀.

Lithium lè tún ní ìgbésí ayé kejì. Bátìrì 72 volt 40 Ah tó ti wálẹ̀ dé ìdá 70 kò lè gbé èrò Ọ̀fàdà mọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí méjì ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tutù, tí ìnfátà tó bá volt rẹ̀ mu wà lára rẹ̀, yóò tan gílóòbù mẹ́ta oní-wáàtì mẹ́wàá, yóò sì yí fáànù oní-50 wáàtì kan, láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, ìdajì iná rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ kù nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.